Wọ́n Ní Mo Gbé Ìyá Mi Kọjá Stockwell

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi ní Rye Lane, ní Peckham, London, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni wọ́n fi ìtàn náà ṣe. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, ó ti da aṣọ bò mí lọ́rùn, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ orí mi kan tán, ló bá pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́. Ó wò mí nínú dígí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má bínú o. Ṣé lóòótọ́ lẹ gbé Mọ́mì yín kọjá ilé Àlàájà Stockwell, tẹ́ ẹ lọ ń jẹun nílé àbúrò?"

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé wo? A ò tíì pẹ́ tá a kúrò níbẹ̀ tí mo fi wọlé síbí."

"Ọmọ-ọmọ Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga tẹ́ ẹ wà yẹn ni. Ó ní bí fọ́tò ṣe wọlé ni màmá àgbà ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Wọ́n ti pa fóònù." Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. "Ẹ tẹ orí síbí díẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ìwà tí mo hù. Ẹni tó ń fá orí mi ló ròyìn mi fún mi. Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn, ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, lọ́dọ̀ alápatà níbi tí mo ti ń ra ẹran jẹ́jẹ́ mi. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ fìdí balẹ̀, kì í ṣe ìtàn tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró.

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, wọ́n sì ní àbúrò obìnrin kan. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n ti wà ní London láti ìgbà tí mo ṣì ń rìn ní ìhòòhò. Stockwell ni wọ́n ń gbé, nínú ilé káńsù. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, nítorí náà Àlàájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, lórí àga gígùn inú pálọ̀ Àlàájà ni mo sùn títí mo fi rí ilé tèmi, mi ò gbàgbé. Àbúrò ń gbé ní Surrey Quays, Àǹtí Surrey Quays nìyẹn. Ìyá mi tó wà láàárín nìkan ló kù sílé, ní Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n sì ń lọ. Ẹ̀sìn ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí. Bí wọ́n bá ń ṣe Iléyá, ìyá mi a béèrè itan àgbò tiwọn. Bó bá di Kérésì, Àlàájà a fi aṣọ ránṣẹ́. Fọ́tò ló wá dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àlàájà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Orúnkún wọn ti kọ̀ṣẹ́, dókítà sì ti ní kí wọ́n má dán ọkọ̀ òfurufú wò mọ́ láyé. Ìyá mi náà kì í ṣe ọmọdé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ti fi físà dù wọ́n kó tó bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ibi ìsìnkú ìyá wọn ni àwọn méjèèjì ti fojú kanra kẹ́yìn. Bí oṣù kan tí ìyá mi fẹ́ lò yìí bá kọjá tí wọn ò ríra, a jẹ́ pé ó dọ̀run nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Oṣù yẹn náà ni iṣẹ́ wá yọjú. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, wọn ò kó mi dání. Mo jókòó sílé títí ìyàwó mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "bàálé ilé" pẹ̀lú ohùn kan báyìí. Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà: bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn arúgbó láti ilé wọn lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, tó sì ń dá wọn padà sílé nírọ̀lẹ́. Inú mi dùn. Mo fẹ́ràn arúgbó. Ìgbà yẹn ni mo ń sọ o. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n ń wò ẹ́ wò ni. Bó o bá pa iṣẹ́ jẹ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní kó o máa lọ ní àlàáfíà.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni ìyá mi dé. Mo lọ pàdé wọn ní Heathrow. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ibẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn yà fún mi bí ẹni yà fún kòtò, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá mi ni, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Mo ní, "Sọ́ńdè ni, Mọ́mì. Sọ́ńdè la máa lọ."

Ìdí ni pé Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, iṣẹ́ tuntun ti ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ní Birmingham: bí wọ́n ṣe ń de kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé àgbàlagbà dìde láìdá ara ẹni lẹ́yìn. Mo pe Àlàájà lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Kò burú. Mo ti dúró láti ọdún wọ̀nyí, ṣé Sọ́ńdè ni mi ò ní lè dúró dè? Ẹja ló fẹ́ràn. Màá ní kí wọ́n bá mi ra èyí tó tóbi." Ẹ gbọ́ o. Àlàájà gbà. Àjọdá ni Sọ́ńdè.

Sátidé, wọ́n ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì àti aṣọ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Surrey Quays ni ibẹ̀ wà. Ìyá mi ní àwọn ò lè dá jókòó máa wo ògiri, àwọn á bá mi lọ. Mo gba ohun tí mo fẹ́ gbà. Bí mo ṣe ń yí ọkọ̀ mi padà nítòsí ilé ìtajà ńlá tó wà níbẹ̀, ìyá mi wo ìta.

"Kí ni wọ́n ń pe ibí?"

"Surrey Quays ni, Mọ́mì."

"Ṣé kì í ṣe ibi tí àbúrò mi ń gbé nìyí?"

"Ibẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ilé tó ga yẹn."

"Ẹ̀yìn ilé tó ga yẹn." Wọ́n kọjú sí mi. "O wá fẹ́ gbé mi kọjá ẹnu ọ̀nà àbúrò mi bí ẹni gbé àpò èédú?"

Mo ní, "Mọ́mì, a ò tíì kí Àlàájà."

"Ta ló fẹ́ kí ẹnikẹ́ni? Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Mi ò ní jókòó."

Mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ pé a ò tíì kí Àlàájà. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi pé bí àlejò bá ti ilé dé, ọ̀dọ̀ àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú un lọ, ì báà jìnnà, ì báà jẹ́ pé ilé àbúrò ló wà lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ọ̀nà iléèwé. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi lọ́mọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, tó ní ojú àbúrò òun lòun fẹ́ rí. Kí ni kí n ṣe, kí n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ wọn ni?

Mi ò ní jókòó di a jókòó. Àǹtí Surrey Quays lọgun, wọ́n dì mọ́ ìyá mi, àwọn méjèèjì sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Kí n tó bọ́ bàtà tán, ẹ̀bà ti délẹ̀. Ọmọ Àǹtí kan wà, obìnrin, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ń rìn bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn. Ó na fóònù sókè. "Big Mummy, ẹ wo ibí o!" Ó ya ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń fi òkèlè sẹ́nu, tí ata ọbẹ̀ ń ta wọ́n lójú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò tíì gbé òkèlè yẹn mì tí fọ́tò fi dé inú gúrúùpù ẹbí tó wà lórí fóònù, níbi tí gbogbo wa wà, títí kan àwọn tó wà ní Kánádà.

Mo ti Surrey Quays já ìyá mi sílé, mo wá gba Rye Lane lọ gẹ irun kí n lè rí bí èèyàn lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ ti mọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Sọ́ńdè, a múra. Ìyá mi wọ àdìrẹ tuntun, wọ́n gbé àpò tí wọ́n ti Abẹ́òkúta gbé wá fún Àlàájà: ẹ̀lùbọ́, àádùn, òrí tí wọ́n á máa fi pa orúnkún. A dé Stockwell. Mo tẹ aago tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Ọmọ-ọmọ Àlàájà ló dáhùn, géńdé ọkùnrin tó ń bá wọn gbé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Mo gbé Big Mummy wá."

Lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́ ohùn kan tí kò jìnnà sí i. "Sọ fún wọn pé mi ò sí nílé."

Ọmọ náà ní, "Uncle, Grandma ní àwọn ò sí nílé."

Ìyá mi sún mọ́ aago náà. "Bi wọ́n pé ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ó bi wọ́n. A gbọ́ ọ tó ń bi wọ́n. Ó padà wá. "Wọ́n ní ẹni tí kò sí nílé ló ń sọ̀rọ̀."

"Ó dáa," ìyá mi ní. "Kó má sí nílé. Èmi náà ti lé láàádọ́rin, mi ò lè kúnlẹ̀ fún ilẹ̀kùn." Wọ́n yí padà. Nínú ọkọ̀, wọ́n gbé àpò náà lé itan títí a fi dé ilé mi ní Peckham. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò wọ́n. Wọn ò sunkún. Wọ́n ń fi àtàńpàkò ra ẹnu àpò yẹn ṣáá, bí ẹni tó fẹ́ fi pa á dé.

Ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ò le. Ká kan ilẹ̀kùn, ká kí bàbá, ká kí ìyá, ká fún wọn lápá, ká dè wọ́n mọ́ àga, ká máa lọ díẹ̀díẹ̀. Láti Aylesbury Estate, níbi tí wọ́n ti ń wó ilé lọ tí àwọn arúgbó kan ṣì jókòó sí, títí dé ẹ̀yìn Old Kent Road. Bàbá kan wà tó ń kọrin ojú omi, ìyá ará Jamaica kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn mi tó ń sọ fún mi ibi tí iná máa ti dá wa dúró. Wọ́n fẹ́ràn mi, nítorí mo máa ń tẹrí ba fún wọn kí n tó dì wọ́n mú. Inú sì ń bí mi. Àgbà òyìnbó, àgbà Jamaica, àgbà Ṣáínà, mo ń gbé wọn lọ síbi tó wù wọ́n lójoojúmọ́, ọkàn wọn balẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi, mi ò lè gbé e dé Stockwell.

Ẹ sì má rò pé mo káwọ́ gbera. Mo pe Àlàájà, wọn ò gbé e. Mo bẹ ìmáàmù mọ́ṣáláṣí wọn, wọ́n ní kí ìmáàmù jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹbí wà nínú ẹbí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gbọ́dọ̀ lọ sí Manchester, àbúrò mi ọkùnrin ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì ti dá ọjọ́ náà kí ìyá mi tó kúrò nílé. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Mo bẹ gbogbo wọn níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ìyá mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Kí a tó délé padà, fọ́tò ìyá mi pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́ ti wà níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ Àlàájà dé etí wa lọ́jọ́ kejì. "Ẹ bá mi kí wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ti ṣáájú mi báyìí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ tẹ aago. Wọn ò tún sí nílé. Oṣù ti ń tán lọ. Jímọ̀ ni ìyá mi máa padà. Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Jímọ̀ náà, mo rán Àǹtí Surrey Quays lọ bẹ̀bẹ̀, nítorí ẹ̀bà wọn ló kó wa síná. Àǹtí lọ, wọ́n ríbi wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n wá bá wa ní Peckham, wọ́n jókòó, wọ́n tú gèlè.

"Wọ́n gbà," Àǹtí ní.

Ìyá mi dìde dúró.

"Ẹ jókòó ná. Àlàájà ní iṣẹ́ ló gbé ọmọ yìí kọjá ilé àwọn. Wọ́n ní iṣẹ́ yẹn náà ni kó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, kó gbé yín wá, kó wá dọ̀bálẹ̀. Àtàláátà, ní àárọ̀." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn mùsùlùmí ń pè bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ àjẹkù ni. Àwọn ò gba ẹ̀bẹ̀ àjẹkù."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Àǹtí, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ ṣáà lọ."

"Ẹ̀yin lẹ gbé ẹ̀bà kalẹ̀!"

"Ṣé kí n lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà ni?"

"Ọmọ yín ló ya fọ́tò."

"Ọmọdé ni."

"Ọmọdé tó ti bímọ méjì!"

"Má pariwo mọ́ mi," Àǹtí ní. "Sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé inú ń run ọ́."

Irun àgbọ̀n mi ti ń funfun. Wọ́n ní kí n máa pa irọ́ inú rírun bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo wo ìyá mi pé kí wọ́n dá sí i. Wọ́n ń wo ìta láti ojú fèrèsé, ibi tí ọmọ aládùúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Ajé, mo bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin òyìnbó ni, ọmọ dáadáa, mo lè bí i. Mo ní mo fẹ́ àyè ní àárọ̀ ọ̀la. Ó bi mí pé ta ló ń ṣàìsàn. Mo ní kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ó ní ta ló kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Ó ní kí ló wá dé? Mo wá ọ̀rọ̀ òyìnbó títí. Báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń bínú pé ìyá mi jẹun nílé àbúrò? Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní, "Ṣé wọn ò lè ṣe é ní Sátidé?"

Mo ní wọn ò gba Sátidé.

Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tuntun ò tíì ní ẹ̀tọ́ sí àyè, dẹ́rẹ́bà tó lè rọ́pò mi ò sì sí. Bí mi ò bá wá, àwọn arúgbó á jókòó sílé. Ó sì tọ̀nà! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Mo wá ẹni tí màá bínú sí níbẹ̀, mi ò rí i.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Má fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ o. Ìyàwó rẹ ti ṣe iṣẹ́ tó." Wọ́n ní bí àwọn bá padà sílé, àwọn á máa bá ẹ̀gbọ́n àwọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Mọ́mì, wọn kì í gbé fóònù yín." Wọ́n ní, "Ó dáa náà." Wọ́n lọ ń ká aṣọ sínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí, mo jí lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn mi ti kún inú ọkọ̀ nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò mi. Mi ò gbé e, òfin ni. Ó tún gbọ̀n. Ìyá ará Jamaica ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹnì kan ń wá ọ gidi gan-an o." Nígbà tí mo já gbogbo wọn sílẹ̀ tán, mo pe ìyàwó mi. Ó ní òun ti ibi iṣẹ́ òru dé, òun sùn díẹ̀, òun jí, Mọ́mì ò sí nílé. Bàtà wọn ò sí. Àpò ẹ̀lùbọ́ ò sí.

Ìyá mi ò gbọ́ èdè òyìnbó kọjá "tẹ́nkíù" àti "sọ́rì". Wọn ò ní fóònù tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọn ò mọ nọ́ńbà ilé mi. Mo sì tún gbọ́dọ̀ gbé bàbá olórin lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbé e. Mo ń wakọ̀, mo ń wo gbogbo ìyá oníìró tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń bú Àlàájà nínú mi, mo bú Àǹtí, mo bú ẹni tó ṣe fóònù tó ń ya fọ́tò. Bàbá kọrin títí a fi débẹ̀.

Nílé ìwòsàn ni fóònù tún ti dún. Ọmọ-ọmọ Àlàájà ni. "Uncle, Big Mummy wà níbí o."

Mo fara ti ògiri. "Lẹ́nu ọ̀nà?"

"Rárá, nínú ilé. Wọ́n ń jẹ ẹja."

Ẹ̀yìn náà ni mo wá gbọ́ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Wọ́n jáde sí títì Peckham, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá!" Kò sí bí wàá ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ní Peckham tí wọn ò ní dá ọ lóhùn. Obìnrin kan tó ń ta iṣu mú wọn dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó fà wọ́n lé ẹlòmíràn tó ń lọ ní ọ̀nà ibẹ̀ lọ́wọ́, onítọ̀hún sì wo àdírẹ́sì Àlàájà tó wà lára àpò ẹ̀lùbọ́, ó bá wọn dé ẹnu ọ̀nà tẹ aago.

Nígbà tí mo já arúgbó tó kẹ́yìn sílé tán, mo gba Stockwell lọ tààrà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Oòrùn ṣì wà lókè. Láti ìta ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn méjèèjì jókòó lórí àga gígùn tí mo sùn lé láyé ọjọ́un. Àlàájà gbé ẹsẹ̀ lé itan ìyá mi, ìyá mi ń fi òrí ra orúnkún wọn. Egungun ẹja kún àwo níwájú wọn. Bí mo ṣe wọlé, ẹ̀rín dá. Ojú méjèèjì yí sí mi, ojú adájọ́.

"Ó ti dé," Àlàájà ní.

"Ó ti dé," ìyá mi ní, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Ìyá rẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi," Àlàájà ní. "Ó ní òun sọ fún ọ. Ó ní, 'Ọmọ mi, Stockwell ni kó o kọ́kọ́ gbé mi lọ.' O ní rárá. O ní ti iṣẹ́ rẹ ló ká ọ lára. O wá já a sílẹ̀ ní Surrey Quays bí ẹrù tí kò ní ẹni tó ni ín. Ó ní ṣe lòun ń fi omijé jẹun níbẹ̀."

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo egungun ẹja.

Mo ní, "Omijé?"

"Mo lọ tún fọ́tò yẹn wò," Àlàájà ní. "Omijé wà níbẹ̀."

Ata ni! Ata ọbẹ̀ Àǹtí Surrey Quays ni. Mo la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ti tò sórí ahọ́n mi, láti ìdí ilé ìtajà ńlá títí dé "mi ò ní jókòó". Bí mo ṣe la ẹnu, mo rí i pé ọwọ́ ìyá mi ti dúró lórí orúnkún Àlàájà. Kò ra á mọ́. Ó kàn dúró síbẹ̀.

Bóyá Àlàájà mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó pọn èèyàn lẹ́yìn nígbà èwe yẹ kó mọ̀ bó bá ń parọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí, wọn ò wo àbúrò wọn. Orúnkún Àlàájà ò lè tẹ̀. Ti ìyá mi kò ní tẹ̀. Nínú pálọ̀ yẹn, èmi nìkan ni ara mi le.

Mo dọ̀bálẹ̀. Káàdì ibi iṣẹ́ tí mo fi kọ́ ọrùn ń gún mi láyà. Àlàájà ò sì ní kí n dìde kíá o. Wọ́n ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi sí mi lórí: Surrey Quays, Manchester, ọmọ ọwọ́, ìmáàmù tí mo rán sí wọn bí ẹni pé wọ́n ti kú. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Dìde. Lọ jẹ ẹja." Mo dé ìdí ìkòkò. Ìrù ló kù.

Ìyá mi ò bá mi padà. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn títí ilẹ̀ Jímọ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo ń gbé wọn lọ sí Heathrow kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo bi wọ́n. Mo ti dì í sínú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe mí báyẹn?"

Wọ́n ní, "Ṣé o ò rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n èmi!"

"Ta ni ǹ bá fi ṣe?" ìyá mi ní. "Ọmọ ọlọ́mọ?"

Wọ́n ti ń wá ìwé ìrìnnà wọn nínú àpò nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán lójú tiwọn. Lójú tèmi, kò tán. Títí di òní, bí ẹbí bá jókòó, mo di ọmọ tó já ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹrù. Àǹtí Surrey Quays tó gbé ẹ̀bà kalẹ̀ ń bá wọn mi orí. Àlàájà ń pe ìyá mi lójoojúmọ́ lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi. Kò sẹ́ni tó ní, "Pẹ̀lẹ́." Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ká ní ẹ̀yin ni wọ́n ka irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sí lọ́rùn, tẹ́ ẹ rí ọwọ́ ìyá yín tó dúró lórí orúnkún ẹ̀gbọ́n wọn, tẹ́ ẹ sì ní òótọ́ lẹ́nu, ṣé ẹ máa sọ ọ́?